Ta Ni Yóò Ba Òdo Ìlú Jẹ́

Ní Kanosawa, ìlú kékeré kan ní Japan, àwọn èèyàn mọ ohùn Sumie ju bí wọ́n ṣe mọ ojú rẹ̀ lọ. Òun ló ń kéde fún ọ́fíìsì ìlú. Tí béárì bá sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, ohùn Sumie ni wọn yóò gbọ́ lórí òpó. Tí bàbá arúgbó kan bá jáde nílé tí kò mọ̀nà padà mọ́, ohùn Sumie náà ni yóò sọ irú aṣọ tó wọ̀. Àwọn òpó ẹ̀rọ gbohùngbohùn wà káàkiri, láti inú oko ápù dé etídò, àwọn òkè tó sì yí ìlú ká máa ń dá ohùn padà, nítorí náà ẹni tó bá ń kéde kò gbọdọ̀ kánjú. Yóò sọ díẹ̀, yóò dúró kí òkè dáhùn tán, yóò tún sọ díẹ̀. Tó bá parí, yóò tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yìí débi pé Yasuo ọkọ rẹ̀ sọ ọ́ di yẹ̀yẹ́ nídìí oúnjẹ.

"Ìyá Honoka," yóò ní, á sì fa ohùn gùn. "Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ bá mi. Gbé iyọ̀. Mo tún un sọ. Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ bá mi. Gbé iyọ̀."

Sumie yóò fi aṣọ ìnuwọ́ nà án, àwọn méjèèjì á sì jọ rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n ṣe ń gbé nìyẹn kí kòrónà tó dé.

Àrùn náà wọ àwọn ìlú ńláńlá, ó wọ àwọn ìlú tó bá Kanosawa pààlà, àmọ́ kò tíì wọ Kanosawa. Alága ìlú, Ọ̀gbẹ́ni Murooka, wá ní kí wọ́n gbé pátákó kan síwájú ọ́fíìsì, kí wọ́n kọ iye ẹni tó ti kó àrùn náà sára rẹ̀, òdo gbàǹgbà kan ní àwọ̀ pupa. Ká má purọ́ mọ́ ọn, Murooka kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó fẹ́ràn ìlú rẹ̀, ó mọ orúkọ àwọn arúgbó ibẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ìbò ń bọ̀ nígbà ìrúwé, títì tó ṣèlérí kò tíì rí owó ṣe, òdo yìí sì wà níbẹ̀ tí kò ná an ní nǹkan kan. Òdo náà dùn ún wò, ó wá gbé e sórí bíi fìlà.

Látìgbà náà, ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́, Sumie yóò jókòó sínú yàrá kékeré tí wọ́n ti ń kéde, yóò tẹ agogo tó máa ń dún lẹ́ẹ̀mẹ́rin ṣáájú ìkéde, yóò sì sọ pé: "Èyí ni. Ọ́fíìsì Ìlú Kanosawa. Títí di òní. Kò sí ẹnì kan. Tó kó àrùn yìí. Ní ìlú wa. Ẹ jẹ́ ká jọ. Dáàbò bo òdo wa."

Bí eré ló ṣe bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, ojú bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Ọkùnrin kan tó gbé mọ́tò tó ní nọ́ńbà Tokyo wá sin ìyá rẹ̀ bá ìwé lórí gíláàsì mọ́tò náà: padà síbi tó o ti wá. Ìdílé kan gba ọmọ wọn tó wá láti yunifásítì sílé, kò pẹ́ tó dé tí ẹnì kan fi sọ òkúta lu fèrèsé wọn. Kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó sọ ọ́, gbogbo ìlú sì mọ̀. Ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù kì í ṣe àrùn mọ́. Ẹ̀rù tó ń bà wọ́n ni pé kó má lọ jẹ́ ilé tiwọn ni yóò kọ́kọ́ yà.

Sumie kò sọ òkúta. Ṣùgbọ́n òun náà ní ohun tó ṣe.

Honoka nìkan ni ọmọ tó bí. Tokyo ló ń gbé pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, oyún àkọ́bí rẹ̀ sì ti wọ oṣù kẹjọ. Lọ́dọ̀ wọn, aboyún a máa padà sílé ìyá rẹ̀ láti wá bímọ, kí ìyá lè máa se oúnjẹ fún un, kó sì máa wẹ ọmọ fún un títí ara rẹ̀ yóò fi le. Sumie fúnra rẹ̀ lọ bí Honoka sílé ìyá tirẹ̀. Ó ti sá ibùsùn tí Honoka yóò lò sóòrùn, ó ti fọ àwọn aṣọ ọmọ jòjòló tó tọ́jú pamọ́ látọdúnmọ́dún.

"Mọ́mì, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni mo fẹ́ máa bọ̀," ni Honoka wí lórí fóònù.

Sumie wo ojú Yasuo. Yasuo mi orí pé rárá, ó sì wo ilẹ̀.

"Dúró síbẹ̀ ná, Honoka. Ibí ò rọgbọ. Ìwọ náà mọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Tó bá wá lọ jẹ́ ilé èmi tí mò ń kéde ni nǹkan yìí ti kọ́kọ́ bẹ́, kí la fẹ́ wí? Jẹ́ kó rọlẹ̀ díẹ̀."

"Ṣé oyún máa ń dúró kí nǹkan rọlẹ̀ ni?"

"Jọ̀ọ́, ọmọ mi. Gbogbo wa la jọ ń fara dà á. Ilé ìwòsàn tó dáa wà lọ́dọ̀ yín níbẹ̀. Dúró síbẹ̀."

Honoka béèrè pé, "Mọ́mì, ṣé ẹ̀yin lẹ̀ ń bá mi sọ̀rọ̀ ni, àbí òpó?"

Sumie lọ sunkún nínú ilé ìwẹ̀, ó ṣí omi kí Yasuo má baà gbọ́. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó kéde òdo bó ṣe máa ń ṣe.

Nígbà tí ewé orí òkè bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, àsìkò ọbẹ̀ kókò tó. Kò sí bí ọdún ṣe lè burú tó, ìlú gbọ́dọ̀ jáde lọ sí etídò, kí wọ́n gbé ìkòkò ńlá kaná, kí wọ́n se kókò pẹ̀lú ẹran màlúù àti àlùbọ́sà eléwé. Àwọn ìlú tó kù ti fagi lé tiwọn. Alága ní ti Kanosawa yóò wáyé.

"Àwọn yẹn fagi lé e torí pé àrùn wà lọ́dọ̀ wọn," ló sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì. "Àwa ńkọ́? Àwa-ara-wa ni. Kí àlejò kankan ṣáà ti má wá. Àwọn èèyàn ti jìyà fún òdo yìí, ẹ jẹ́ kí wọ́n jèrè ẹ̀."

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Alága ti Tokyo dé, níbi tó ti lọ bẹ àwọn ọ̀gá nítorí owó títì. Sumie fi ẹ̀rín bo ọ̀rọ̀ náà nígbà tó sọ ọ́.

"Alága, ẹ̀yin náà ṣáà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Tokyo."

"Ìyá Honoka, iṣẹ́ ìlú ni mo bá lọ. Ṣé ẹ rò pé mo lọ jayé ni?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, Sumie náà rẹ́rìn-ín, bí ẹni pé àrùn a máa béèrè ohun tí èèyàn bá lọ síbì kan kó tó wọ̀ ọ́ lára. Ó kéde ìpàdé etídò náà ní ìrọ̀lẹ́, ó sì kéde òdo tẹ̀lé e.

Yasuo ni olórí ìkòkò. Ọdọọdún ló ń po ọbẹ̀ náà, kì í sì í jẹ́ kẹ́nikẹ́ni bá òun fọwọ́ kan ìpọnbẹ̀. Ìbòmú wà nísàlẹ̀ àgbọ̀n gbogbo èèyàn torí kò sẹ́ni tó lè ti inú ìbòmú jẹ kókò. Alága dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò pẹ̀lú àwo rẹ̀, ó ń bọ èèyàn lọ́wọ́ láìbọ̀ ọ́, ìyẹn ni pé ó ń fi ìgúnpá kan ìgúnpá. Ó wúkọ́ díẹ̀, ó ní èéfín ni.

"Kí lẹ ṣe fún èéfín?" ni Yasuo bi í. "Ṣé kò ní dìbò fún yín ni?"

Ọ̀rọ̀ náà pa Alága lẹ́rìn-ín débi pé ó tún wúkọ́. Yasuo bu ọbẹ̀ kún àwo rẹ̀.

Kò pẹ́ rárá tí Yasuo fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé afẹ́fẹ́ etídò ti kó òtútù sí òun lára. Ó gbé ibùsùn rẹ̀ lọ sínú yàrá tí wọ́n ń kó ápù sí. Nígbà tí Sumie gbé ìrẹsì olómi lọ fún un, tó sì fọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀, ó fa ọwọ́ sẹ́yìn.

"Ẹ jẹ́ ká lọ rí dókítà, Bàbá Honoka."

"Dókítà wo? Kó wá sọ pé kí ni? Òtútù ni."

"Ara yín gbóná janjan."

"Á rọlẹ̀." Ó dìde jókòó, ó mú un lọ́wọ́. "Gbọ́ mi. Kì í ṣe èmi ni yóò ba òdo ìlú jẹ́. Bàbá mi kú síbí, bàbá bàbá mi kú síbí, kò sẹ́ni tó nàka sílé yìí rí. Ìwọ sì ni ẹnu ìlú. Ẹnu wo lo fẹ́ fi kéde ọkọ ẹ? Má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ṣèlérí fún mi."

Sumie ṣèlérí. Ó mọ̀ pé ohun tó yẹ kóun ṣe kọ́ nìyẹn, ó sì ṣèlérí.

Ó ń lọ síbi iṣẹ́, torí tí kò bá lọ, wọn yóò béèrè ìdí. Ó ń wọ ìbòmú méjì léra wọn, kò bá ẹnikẹ́ni jẹun, inú yàrá ìkéde ló ń sá sí. Wọ́n ní Alága pàápàá ti ń ti ilé ṣiṣẹ́ báyìí, kó lè jẹ́ àpẹẹrẹ rere. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Sumie yà sí kẹ́mísìtì láti ra oògùn ara gbígbóná. Orí àtẹ ṣófo.

"Ó ti tán, mà," ni olóògùn wí, kò wojú rẹ̀. "Àwọn èèyàn kàn ń rà á sílẹ̀ ni."

Obìnrin kan wọlé tẹ̀lé e, ọ̀kan nínú àwọn tó bó kókò ní etídò. Oògùn kan náà ló béèrè. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun tó wà ní ìlú kejì ló ní kóun rà á wá. Òógùn bo iwájú orí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ òtútù ń mú níta. Ọ̀rọ̀ yé Sumie. Ó yé obìnrin náà pé ó ti yé Sumie. Wọ́n tẹrí ba fún ara wọn, wọ́n ní ó dàbọ̀, kálukú bá tirẹ̀ lọ.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà Sumie tún kéde pé kò sí ẹnì kan. Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n rárá, ìyẹn gan-an ló sì dẹ́rù bà á. Ó jókòó síbẹ̀ lẹ́yìn tó pa ẹ̀rọ, ara rẹ̀ ń rí i lára.

Ọjọ́ kan tí Sumie kò lọ síbi iṣẹ́ ni Honoka pè. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa bí ọmọ ṣe ń tàpá nínú ikùn tí Honoka fi dá ọ̀rọ̀ dúró.

"Ta ló ń wúkọ́ yẹn?"

"Dádì ẹ ni. Òtútù ló mú un."

"Ẹ gbé fóònù sún mọ́ ọn."

"Honoka, má da ara ẹ láàmú."

"Mọ́mì, ẹ gbé e sún mọ́ ọn."

Sumie gbé e lọ sẹ́nu ọ̀nà yàrá ápù. Nígbà tó gbé fóònù padà sétí, ó gbọ́ tí ọmọ rẹ̀ ń mí gúlegúle.

"Ìyẹn kì í ṣe òtútù. Bí ọkùnrin tó ń gbé lókè wa ṣe ń wúkọ́ nìyẹn kí wọ́n tó wá gbé e. Kò padà wálé. Ẹ pe àwọn oníṣègùn."

"Ó ní kí n má pè wọ́n. Mo ti ṣèlérí fún un."

"Ẹ ní kí n má wálé, mi ò wá." Ẹkún ti wọ ohùn Honoka, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kó borí ọ̀rọ̀ òun. "Mo ń gbé ikùn yìí gun àtẹ̀gùn lémi nìkan. Mo gbà, torí mo rò pé nǹkan kan wà tẹ́ ẹ̀ ń dáàbò bò. Kí ni nǹkan náà, Mọ́mì? Nọ́ńbà orí pátákó ni, àbí Dádì mi?"

Fóònù ṣì wà létí Sumie tí ilẹ̀kùn yàrá ápù fi ṣí, Yasuo sì dì mọ́ ara ògiri.

"Ìyá Honoka," ló wí. "Jọ̀ọ́. Bá mi. Gbé omi."

Sumie rò pé ó ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ bó ṣe máa ń ṣe. Inú rẹ̀ tilẹ̀ fẹ́ dùn, ó ní ara rẹ̀ ti ń yá nìyẹn. Ó wá rí ètè rẹ̀ pé ó ti dúdú bí ẹni tó mu yíǹkì, èjìká rẹ̀ sì ń gòkè sọ̀ kalẹ̀ kó tó lè rí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sọ. Kì í ṣe yẹ̀yẹ́. Èémí rẹ̀ kò gbé e ju bẹ́ẹ̀ lọ ni.

Ó pe ilé iṣẹ́ ìlera. Yasuo na ọwọ́, ó di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú.

"O. Ṣèlérí."

"Mo mọ̀," ni Sumie wí, kò sì gbé fóònù náà sílẹ̀.

Àwọn tó wá gbé e wọ aṣọ funfun láti orí dé ẹsẹ̀. Aládùúgbò kan tó ń gbá ewé dúró pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́, kò gbá a mọ́. Kátìnnì ń mì lójú fèrèsé káàkiri. Yasuo, tí kò lè dá dìde, rí agbára fi aṣọ ìnura bo ojú ara rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n mú níbi olè jíjà. Ìyẹn dun Sumie ju àìsàn náà lọ. Wọ́n ní kó má jáde nílé mọ́, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn ọkọ̀.

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, Alága pè é. Ohùn rẹ̀ ti ha.

"Ìyá Honoka. Mo gbọ́. Ẹ kú ìrọ́jú."

"Ẹ ṣé, Alága."

"Èsì àyẹ̀wò. Kò tíì jáde. Títí yóò fi jáde. Òdo ṣì ni."

Sumie gbé fóònù náà bọ́ sí etí kejì.

"Ẹ ti ilé kéde. Bí ẹ ṣe ń ṣe. Nígbà yìnyín. Tí wọ́n bá gbọ́ ohùn ẹlòmíì. Wọ́n á mọ̀. Ọ̀la nìkan ni mo bẹ̀. Kí n fi ronú."

Sumie rò pé ìbínú ló ń gé ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu bẹ́ẹ̀. Ó ní òun gbọ́.

Òótọ́ ni pé nígbà tí yìnyín bá dí ọ̀nà, fóònù ilé ló fi ń pe ẹ̀rọ náà, gbogbo òpó ìlú á sì gbé ohùn rẹ̀. Nígbà tó tó àsìkò, ó jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn tó sá sílẹ̀ fún Honoka tẹ́nikẹ́ni ò sùn lé. Ojú obìnrin tó rí ní kẹ́mísìtì kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ó ń ronú iye ilé tí wọ́n ti gbé ibùsùn lọ sínú yàrá ẹ̀yìn, tí wọ́n sì ń dúró de ohùn òun kí wọ́n lè gbọ́ pé kò tíì jẹ́ àwọn. Ó tẹ nọ́ńbà náà. Agogo náà dún lẹ́ẹ̀mẹ́rin káàkiri ìlú.

"Èyí ni," ló wí. "Ọ́fíìsì Ìlú Kanosawa."

Ó gbọ́ tí òkè dá a padà.

"Rárá. Kì í ṣe ọ́fíìsì. Sumie ni. Ìyàwó Yasuo. Wọ́n gbé ọkọ mi. Lọ sílé ìwòsàn lónìí. Èsì ò tíì jáde. Ṣùgbọ́n èmi mọ̀. Òdo ti tán. Ilé wa ni. Ẹ má wá. Ẹlòmíì kiri. Ọkọ mi fara pa mọ́. Èmi ni mo bá a. Fi pa mọ́. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Ẹni tí ara rẹ̀ bá gbóná. Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ jáde. Ẹni àkọ́kọ́. Ti wà. Kò lè jẹ́. Ẹ̀yin mọ́."

Ó dúró kí òkè parí. Ó wá ní, "Mo tún un sọ," ó sì tún gbogbo rẹ̀ sọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà yìí ohùn rẹ̀ gbọ̀n, gbogbo ìlú sì gbọ́ bó ṣe ń gbọ̀n.

Fóònù kò jẹ́ kó sinmi. Ẹni tó kọ́kọ́ pè jẹ́ ọkùnrin. "Ṣé inú ẹ ti dùn báyìí?" ló wí, ó sì pa á. Sumie mọ ohùn náà dáadáa, ọmọ rẹ̀ àti Honoka jọ ṣe ilé ìwé ni.

Lẹ́yìn náà ni nọ́ọ̀sì pè láti ilé ìwòsàn. Wọ́n ti fi ọ́síjìn sí Yasuo nímú, ètè rẹ̀ ti ń padà bọ̀ sípò, ó tilẹ̀ ti béèrè ta ni yóò ká ápù tó kù. "Dókítà ní kí n sọ fún yín pé tó bá jẹ́ pé ẹ dúró dọ̀la ni, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀," ni nọ́ọ̀sì wí. Sumie dúpẹ́, ó dúpẹ́ títí nọ́ọ̀sì fi ní ó tó.

Fóònù tún dún. Obìnrin ni, ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó fọwọ́ bo ẹnu.

"Ìyá Honoka, èmi ni. Ìyàwó Murooka."

Sumie múra de èébú. "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà."

"Àwọn tẹ́ ẹ pè yẹn. Kí ni nọ́ńbà wọn?"

"Ta ni kò yá, mà?"

"Alága ni. Láti ìgbà tó ti Tokyo dé ni, kẹ́ ẹ tó se ọbẹ̀ kókò. Ó ní kí n ṣèlérí pé mi ò ní sọ. Kò lè sọ gbólóhùn kan tán mọ́ láìsinmi." Ó sinmi òun náà. "Ó wà lójú fèrèsé nígbà tẹ́ ẹ̀ ń kéde. Kò dá mi lẹ́kun nígbà tí mo gbé fóònù."

Sumie gbọ́ ikọ́ náà lẹ́yìn rẹ̀, ikọ́ tó ti di ojúlùmọ̀ rẹ̀. Ó rántí àwo tí Yasuo bu ọbẹ̀ kún, èéfín, àti ẹ̀rín tí òun náà rín ní ọ́fíìsì. Ó rántí ọmọ rẹ̀ tó ń gun àtẹ̀gùn. Inú bí i débi pé ojú rẹ̀ ṣú, gbólóhùn kan ṣoṣo ló sì wà lẹ́nu rẹ̀, èyí tó sọ fún Honoka: dúró síbẹ̀.

"Ẹ wá bírò," ló wí.

Ó gbọ́ tí obìnrin náà ń ṣí àpótí. Nígbà tó ṣe tán, Sumie ka nọ́ńbà náà fún un díẹ̀díẹ̀, ó dúró, ó sì tún un kà láti ìbẹ̀rẹ̀.